Ìfun Kì í Ṣe Ọ̀nà Lásán: Ọ̀rọ̀ Ṣúgà Ọ̀wọ́n àti Àwọn Ońṣẹ́ Inú Ara

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè pé kí ni ìfun wà fún, èsì tí a óò gbọ́ kò ní ju ẹyọ kan lọ: oúnjẹ ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Lójú wa, ìfun dà bí títì tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Ẹrù wọlé láti òkè, wọ́n já èyí tí ó wúlò sílẹ̀, ìyókù bá ìsàlẹ̀ lọ, ó parí. Àwọn baba wa ní, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run,” nítorí wọ́n ti rí i pé ohun tí ènìyàn bá gbé mì lè gbé òun náà lọ sí ibi tí kò ti ní í padà wá. Ṣùgbọ́n ìfun kì í ṣe ọ̀nà lásán. Ó ní ẹ̀ṣọ́, ó ní akọ̀wé, ó sì ní àwọn ońṣẹ́ tí ó ń rán sí ọpọlọ àti sí àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ní gbogbo ìgbà tí a bá jẹun. Ọ̀rọ̀ àwọn ońṣẹ́ wọ̀nyí, àti ti irú ṣúgà kan tí kò wọ́pọ̀ tí ó mọ bí a ti í jí wọn lójú oorun, ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà wa, tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti ọdún mélòó kan, mú àpò kékeré kan tọ̀ mí wá. Ọmọ rẹ̀ ni ó fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ohun inú rẹ̀ funfun, ó rí wóró-wóró bíi ṣúgà, ó sì dùn bíi ṣúgà, ṣùgbọ́n “allulose” ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi kà á. Ọmọ mi ní bí mo bá ń lo èyí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi yóò wálẹ̀. Ṣé kí n wá jáwọ́ nínú oògùn tí dókítà fún mi?” Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, “Ẹ má dán an wò, Màmá. Ẹ máa lo oògùn yín. Ẹ jẹ́ kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà.” Mo ti wádìí rẹ̀. Ohun tí mo rí dára, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí ó ní kí ẹnikẹ́ni da oògùn nù.

ÀWỌN OŃṢẸ́ TÍ KÒ LẸ́SẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ní ọdún 1902, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga University College ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, William Bayliss àti Ernest Starling, ń wá ohun tí ó ń mú kí páńkíríásì da omi rẹ̀ sínú ìfun nígbà tí oúnjẹ bá dé. Páńkíríásì yìí jẹ́ ẹ̀yà ara kan tí ó gùn gbọọrọ, tí ó sùn sí ẹ̀yìn àpò oúnjẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà nígbà náà ni pé iṣan ìmọ̀lára ni ó ń gbé ìròyìn láti ìfun lọ síbẹ̀, bí ìgbà tí a bá tẹ wáyà láti ìlú kan sí èkejì.

Àwọn méjèèjì mú ajá kan tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun, wọ́n gé gbogbo iṣan ìmọ̀lára tí ó so apá kan ìfun rẹ̀ mọ́ ara ìyókù, wọ́n sì da omi kíkan sínú apá náà. Bí wáyà bá ti já, ó yẹ kí ìròyìn má dé mọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé: páńkíríásì da omi rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n wá há awọ inú ìfun náà, wọ́n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi kíkan, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì fa omi rẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ajá náà. Páńkíríásì tún dáhùn.

Èyí ni ó fi hàn pé kì í ṣe wáyà nìkan ni ìfun ń lò. Ohun kan wà tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri bí ọkọ̀ èrò ti í gbé lẹ́tà, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ní ọdún 1905 Starling fún irú àwọn ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n títí di òní: họ́mónù. Ẹ kò rí nǹkan! Láti inú ìfun tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni ọ̀rọ̀ họ́mónù ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ mọ́ wa létí jù nínú wọn ni ínsúlínì, tí páńkíríásì ń ṣe. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí i fà yọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 wọ́n fi gún Leonard Thompson, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 tí àtọ̀gbẹ ti sọ di egungun. Ọmọ náà kò kú. Ó tún lo ọdún 13 lókè eèpẹ̀.

Iṣẹ́ ínsúlínì kò ṣòro láti yé wa. Ẹ̀bà, iyán, búrẹ́dì, ìrẹsì, gbogbo wọn ni ara ń tú palẹ̀ di gúlúkóòsì, tí í ṣe ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni ó ń kan ilẹ̀kùn yàrá gbogbo nínú ara pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí gúlúkóòsì wọlé, kí wọ́n fi ṣe agbára. Bí kò bá sí ínsúlínì rárá, tàbí bí ó bá ń kan ilẹ̀kùn tí àwọn ará ilé kò dáhùn mọ́, ṣúgà yóò kún ẹ̀jẹ̀, yóò sì máa bá ìtọ̀ jáde. Òùngbẹ yóò máa gbẹ ènìyàn, yóò máa tọ̀, yóò sì máa gbẹ. Àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wa mọ ohun tí ó rí.

ẸNU YÀTỌ̀ SÍ ABẸ́RẸ́

Ní ọdún 1964 àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ìdánwò kan tí ó yani lẹ́nu. Wọ́n fún ènìyàn ní gúlúkóòsì mu, wọ́n sì wọn ínsúlínì tí ó jáde. Nígbà mìíràn, wọ́n fa gúlúkóòsì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láì gba ẹnu, wọ́n tún wọn ínsúlínì. Bí páńkíríásì bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń wò, kò yẹ kí èyí tí ó gba ẹnu borí. Ṣùgbọ́n ó borí. Ṣúgà tí ó gba ẹnu àti ìfun wọlé mú kí ínsúlínì jáde ju èyí tí ó gba abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin ọlọ́jà yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹrù bá gba géréèjì wọ̀lú, akọ̀wé géréèjì yóò ti ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù pé, “Ẹrù yín ti dé o, ẹ palẹ̀ mọ́.” Kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn aláàárù ti dúró. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láì kan géréèjì, òjijì ni yóò bá onílé. Ìfun ni akọ̀wé géréèjì inú ara. Bí oúnjẹ bá ti kàn án lára, ó ti ránṣẹ́ sí páńkíríásì pé ṣúgà ń bọ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ońṣẹ́ yìí ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní GLP-1. Ní ọdún 1987 àwọn oníwádìí ní Boston ní Amẹ́ríkà àti ní Copenhagen ní Denmark fi hàn gbangba pé ó ń mú ínsúlínì jáde. Àwọn hóró ara kan tí ó fọ́n ká sí awọ inú ìfun, tí wọ́n pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀ ìfun kékeré àti nínú ìfun ńlá, ni ó ń ṣe é. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó ń jẹ́. Ó ń sọ fún páńkíríásì pé kí ó tú ínsúlínì sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni. Ó ń ká họ́mónù mìíràn lọ́wọ́ kò, èyí tí ń mú kí ẹ̀dọ̀ da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń sọ fún àpò oúnjẹ pé kí ó má kánjú tú ẹrù rẹ̀ sínú ìfun. Ó sì ń sọ fún ọpọlọ pé, “Ó tó. A ti yó.”

A máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. GLP-1 ń fi tọmọ jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 ni ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ fi ń pa ìdajì rẹ̀ run. Bí ó bá jẹ́ pé kí a fa òun fúnra rẹ̀ sí ènìyàn lára ni, kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lára, ońṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ kú tán.

ALÁŃGBÁ ASÁLẸ̀

Ibi tí ọ̀nà àbáyọ ti wá kò sí ẹni tí yóò ronú kàn án. Aláńgbá ńlá kan wà ní asálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò tí wọ́n ń pè ní Gila monster, tí itọ́ rẹ̀ ní oró. Ní ọdún 1992 dókítà kan ní New York, John Eng, rí ohun kan nínú oró yìí tí ó fara jọ GLP-1, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ kò lè tètè pa run. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn abẹ́rẹ́ exenatide, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2005. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, tí wọ́n ṣe ní àfijọ GLP-1 ti ènìyàn gan-an. Semaglutide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ozempic, gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ ní ọdún 2017. Abẹ́rẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó ń mú ènìyàn fọn nìyẹn. Kò sí idán nínú rẹ̀: ońṣẹ́ ìfun ni wọ́n fún ní ẹ̀mí gígùn.

Owó abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń béèrè pé: níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìfun wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe GLP-1, ǹjẹ́ oúnjẹ kan wà tí a lè fi pè é jáde? Ibí yìí ni ṣúgà ọ̀wọ́n ti wọ ọ̀rọ̀.

ERÙPẸ̀ ÌLÚ KAGAWA

Ní erékùṣù Shikoku ní ilẹ̀ Japan ni ìpínlẹ̀ Kagawa wà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà, Kagawa University, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Izumori fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá àwọn ṣúgà tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí. Ẹ má rò pé ṣúgà inú páálí nìkan ni ó wà láyé. Gúlúkóòsì wà, fúrútóòsì inú èso àti oyin wà, ti inú wàrà wà. Àwọn wọ̀nyí pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bíńtín ni Ẹlẹ́dàá fi wọ́n sílé ayé. Àwọn ni mo pè ní ṣúgà ọ̀wọ́n. Allulose jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó wà nínú ọ̀pọ̀tọ́ àti nínú èso àjàrà gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó kéré níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ kó o jọ tó ẹ̀kún ṣíbí kan yóò fi ọjọ́ ṣòfò.

Ní ọdún 1991, Izumori àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú erùpẹ̀ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kòkòrò yìí ní èròjà kan nínú tí ó ń sọ fúrútóòsì, tí ó pọ̀ tí kò sì wọ́n, di allulose. Bí ohun tí ó wọ́n bí ojú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí a lè fi àgbá rọ nìyẹn. Láti inú erùpẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni o!

Báwo wá ni fúrútóòsì ṣe ń di allulose? Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa ṣe àpẹẹrẹ, nítorí olùkọ́ ni mí. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta yìí tẹ̀lé ara wọn: i, gb, a. Bí a bá pè é ní igbá, a lè bu omi sí i. Bí ó bá jẹ́ ìgbà, àkókò ni. Bí ó bá jẹ́ igba, iye owó ni. Bí ó bá sì jẹ́ igbà, òun ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kò yí padà. Àmì orí rẹ̀ ni ó yí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ṣúgà méjèèjì yìí rí. Carbon 6, hydrogen 12 àti oxygen 6 ni ó wà nínú fúrútóòsì. Iye kan náà ni ó wà nínú allulose. Ṣùgbọ́n lára carbon kẹta, ohun tí ó kọjú sí òsì nínú fúrútóòsì kọjú sí ọ̀tún nínú allulose. Ìyàtọ̀ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ahọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà. Bí adùn ṣúgà wa bá jẹ́ 100, ti allulose tó nǹkan bíi 70. Ṣùgbọ́n ara mọ̀ ọ́n. Kò lè sun ún bí ìdáná ti ń sun igi. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò gba ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò kọjá lọ sínú kíndìnrín, yóò sì bá ìtọ̀ jáde bí ó ti wọlé. Gíráàmù kan ṣúgà lásán ń fún ara ní kálórì 4. Ti allulose kò ju 0.4 lọ. Ní ọdún 2019 àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, sọ pé àwọn oníṣòwò lè yọ ọ́ kúrò nínú iye ṣúgà tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ó fi pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, tí àwọn ọmọ wa sì fi ń rí i rà ránṣẹ́.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ LÁRA ÈKÚTÉ

Bí ó bá jẹ́ pé allulose kàn ń kọjá lọ ni, à bá pè é ní ṣúgà aláìlágbára, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ kan bí ó ti ń kọjá. Ní ọdún 2018 àwọn oníwádìí ilẹ̀ Japan, tí Yusaku Iwasaki àti Toshihiko Yada wà nínú wọn, tẹ ìròyìn kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ tí à ń pè ní Nature Communications. Wọ́n fún àwọn èkúté ní allulose nípa ẹnu. GLP-1 tú jáde láti inú ìfun wọn. Àwọn èkúté náà dín oúnjẹ kù, ara wọn sì tètè kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ lára èyí tí ara rẹ̀ le, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lára èyí tí ó sanra tí àtọ̀gbẹ sì ń ṣe.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà dé ọpọlọ ni ó dùn mọ́ mi jù. Iṣan ìmọ̀lára gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní vagus. Ó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀, ó gba ọrùn, ó dé ikùn. GLP-1 tí ó jáde nínú ìfun kò dúró de ẹ̀jẹ̀ kí ó gbé e dé ọpọlọ. Ẹ rántí pé ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Ẹnu iṣan vagus tí ó wà nítòsí ni ó kàn, vagus sì gbé ìròyìn náà dé òkè. Àwọn oníwádìí wá ṣe ọgbọ́n kan tí etí vagus fi di sí GLP-1. Lójú ẹsẹ̀, agbára allulose láti dín oúnjẹ kù àti láti kápá ṣúgà dópin. Bayliss àti Starling fi hàn ní 1902 pé ẹ̀jẹ̀ ń gbé iṣẹ́. Àwọn ará Japan yìí fi hàn pé wáyà àtijọ́ náà kò tí ì kú. Méjèèjì ni ìfun ń lò.

Wọ́n tún rí nǹkan kan nípa àkókò. Òru ni èkúté ń jẹun, ọ̀sán ni ó ń sinmi. Àwọn èkúté tí ó sanra lásanjù ti gbàgbé òfin yìí. Wọ́n ń jẹun nígbà tí ó yẹ kí wọ́n sùn. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní allulose ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò ìsinmi wọn, ìjẹkújẹ yìí dínkù, sísanra àti àtọ̀gbẹ wọn sì rọ̀. Ẹni tí ó máa ń dìde jẹun láàárín òru, kí ó fi ọ̀rọ̀ yìí ro ara rẹ̀ wò.

ÈNÌYÀN Ń KỌ́?

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kéde oògùn tuntun nìyí, nítorí èkúté kì í ṣe ènìyàn, oúnjẹ tí a sì ń fún un nínú ìdánwò pọ̀ bí a bá fi wé ìwọ̀n ara rẹ̀.

Wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn. Ní ọdún 2008, ní Japan, wọ́n fún àwọn tí ara wọn le ní omi dídùn tí gíráàmù 75 èròjà oníṣítáàṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi allulose gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí i, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò gòkè tó bí ó ti ń gòkè láìsí i. Gíráàmù 5 kò ju nǹkan bíi ẹ̀kún ṣíbí tíì kan lọ.

Ní ọdún 2022, ní ìlú Basel ní Switzerland, àwọn oníwádìí ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá adùn ni ìfun ń tọ́ wò. Wọ́n po gíráàmù 25 allulose mọ́ omi, wọ́n sì fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e gba imú dé inú àpò oúnjẹ, kí ahọ́n má baà mọ ohun tí ó kọjá. GLP-1 jáde, àwọn họ́mónù méjì mìíràn tí ń sọ fún ènìyàn pé ó yó náà sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ohun kan tí ń dí ojú adùn kún un. Àwọn họ́mónù náà kò dínkù. Èyí fi hàn pé kì í ṣe nípa adùn ni allulose fi ń bá ìfun sọ̀rọ̀. Ìfun ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi ń mọ àlejò rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń wá ọ̀nà náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Allulose ń jí àwọn ońṣẹ́ ìfun: òótọ́ ni, lára èkúté àti lára ènìyàn. Ó ń dín bí ṣúgà ti ń gòkè lẹ́yìn oúnjẹ kù: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níwọ̀nba. Pé ó ń wo àtọ̀gbẹ: kò sí ẹni tí ó fi èyí hàn. GLP-1 tí ìfun tú jáde nítorí oúnjẹ kò pẹ́ kí ó tó kú. Èyí tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ semaglutide ń gbé inú ara fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá fi ìkíní rọ́pò èkejì ti fi iná ìṣáná rọ́pò àtùpà.

Ọ̀RỌ̀ ÌMỌ̀RÀN

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní àtọ̀gbẹ má ṣe fi oògùn sílẹ̀ nítorí ṣúgà inú àpò, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó fi í ránṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ fi í sínú tíì dípò ṣúgà, kò burú. Ó sàn ju ṣúgà lọ fún un. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀, pàápàá bí ó bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kí ṣúgà má baà lọ sílẹ̀ jù. Ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ jù lè dá ènìyàn wó lójijì.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí á má ṣe bù ú bí ìyẹ̀fun. Èyí tí kò bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ yóò dé ìfun ńlá, yóò fa omi mọ́ra, inú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn tàbí kí ó ṣí. Àwọn oníwádìí ilẹ̀ Kòríà wọn èyí ní ọdún 2018. Wọ́n ní kí ènìyàn má ṣe ju gíráàmù 0.4 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó wọn kílò 60 kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 24 lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń rajà tí ẹ sì ń tà á, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí ó funfun bíi ṣúgà, tí ó dùn bíi ṣúgà, tí ó sì wọ́n jù ú lọ, kò ní pẹ́ kí àwọn oníjìbìtì tó fi ṣúgà lásán rọ́pò rẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, irú ìyànjẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ ra nǹkan ní ibi tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì yẹ ara àpò rẹ̀ wò dáadáa.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, èyí sì ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ṣúgà ọ̀wọ́n: ohun tí ń jí GLP-1 kò pin sí Japan. Ẹ̀wà wà lọ́jà wa. Apá kan nínú ẹ̀wà tí ìfun kékeré kò lè dà ń dé ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ yóò jẹ ẹ́, wọn yóò sì sọ ọ́ di àwọn èròjà kíkan tí ó ń fọwọ́ tọ́ àwọn hóró tí ń ṣe GLP-1. Ẹ̀fọ́ àti èso pẹ̀lú háráhárá rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran, ẹja àti ẹyin náà ń pe ońṣẹ́ yìí jáde, ó sì dára kí wọ́n ṣáájú. Àwọn dókítà ti rí i pé bí ènìyàn bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran tàbí ẹja, kí ó tó kan búrẹ́dì tàbí ìrẹsì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í gòkè tó bí ìgbà tí ó bá kọ́kọ́ fi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni. Ètò rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Akọ̀wé géréèjì ti ránṣẹ́ kí ọkọ̀ ṣúgà tó dé.

Ẹ wo ìgò ohun mímu dídùn tí à ń fi òǹgbẹ ọjà mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò ní háráhárá, kò ní ẹ̀fọ́, ṣúgà ni ó kún inú rẹ̀, òkè ìfun ni ó sì ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ tán kí ó tó dé ìsàlẹ̀ tí àwọn ońṣẹ́ pọ̀ sí. Ṣúgà ti wọ̀lú kí ìròyìn tó kúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi omi tútù rọ́pò ìgò méjì nínú mẹ́ta lójúmọ́ ti ṣe fún páńkíríásì rẹ̀ ohun tí àpò allulose kan kò lè ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá kọ́ àwọn ọmọ ní ìlera lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má ṣe ya ìfun fún wọn bí ọ̀pá omi lásán. Ẹ ya akọ̀wé kan sí inú rẹ̀, kí ẹ fún un ní gègé àti ìwé. Ẹ̀yin ọlọ́jà, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ oúnjẹ òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ rántí pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tí ó ń ka ohun gbogbo tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí i, tí yóò sì jẹ́ ìròyìn rẹ̀ fún gbogbo ara bí ó ti rí i. Ìlera loògùn ọrọ̀.